Ta Ló Kọ́kọ́ Dé?

Fèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa ní Ìgàndó máa ń fọn bí iná bá sọ níbì kan. Fèrè bí ti rẹfirí orí pápá bọ́ọ̀lù ni, ó sì máa ń ha ènìyàn létí bí ìgbà tí wọ́n ń fi ọ̀bẹ ha ìdí ìkòkò. Mo gbọ́ ọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, bí mo ṣe jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ tí mò ń wo àga ìyàwó mi tó ṣófo. Òórùn rọ́bà tó ń jóná ti gba gbogbo òpópónà. Jẹnẹrétọ̀ ló gbiná níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan. Kí n tó wá bàtà mi rí, kí n tó dé ẹnu géètì, wọ́n ti pa á.

Àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Panápaná afínnúfíndọ̀ṣe ni wọ́n, ọmọ àdúgbò tó ń bá àdúgbò pa iná. Ràsákì tó ń wa kẹ̀kẹ́ Márúwá ni olórí wọn. Ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́, pẹ̀lú garawa àti àpò iyanrìn. Bí ẹnì kan bá ti kọ ọ́ sórí Wọ́sáàpù àdúgbò pé iná ń jó, fèrè á dún, wọ́n á sì ti dé.

Ó yẹ kí inú wa dùn. Àmọ́ bí èéfín náà ṣe ń lọ sílẹ̀, mo rí i tí ojú àwọn ènìyàn ń yí padà. Alága ẹgbẹ́ onílé wa fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tíṣà, àbí ẹ ò rí nǹkan tí mo rí? Àwọn ọmọ yìí yá jù.”

“Ṣé a ò fẹ́ kí wọ́n yá ni?”

“Kí wọ́n yá, ṣùgbọ́n kó mọ níwọ̀n, jàre. Omi tí ìyàwó mi ń gbé kaná gan-an kì í tètè gbóná tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ta ló kọ́kọ́ dé? Níbo ló wà tẹ́lẹ̀?”

Kí n sọ òtítọ́, ó ti wá sí èmi náà lọ́kàn kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí ìbéèrè náà ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, mo rántí ìgbà èwe mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ọ gbẹ̀yìn.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, Ìgàndó kì í ṣe èyí tí ẹ̀yin ọmọ òní mọ̀ yìí. Oko ẹ̀gẹ́ ló pọ̀ níbẹ̀, ọ̀nà erùpẹ̀ pupa, àti ilé alámọ̀ tí wọ́n fi páànù bò níwájú, tí wọ́n sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo ilé ìdáná lẹ́yìnkùlé. Bí ọyẹ́ bá ti dé, gbogbo nǹkan á gbẹ, iná díẹ̀ tó bá ta láti inú ààrò sì lè kó odindi agboolé lọ. Kò sí tẹlifóònù. Rìmù mọ́tò àlòkù kan ni wọ́n so rọ̀ sára igi àgbálùmọ̀ tó wà ní oríta. Bí iná bá sọ, ẹni tó bá súnmọ́ ibẹ̀ á fi irin lù ú, gbogbo ọkùnrin tó bá gbọ́ á sì gbé garawa. Kò sẹ́ni tó yàn wọ́n sípò.

Àṣà kan wà nígbà náà. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibi iná tòun ti omi lọ́wọ́ là ń pè ní Àkọ́dé, onílé tí wọ́n bá bá pa iná á sì fa àkùkọ kan lé e lọ́wọ́ nígbà tí ara bá rọlẹ̀. Kí ni àkùkọ kan jámọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé? Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń gba gbogbo àkùkọ náà.

Bàbá Àṣàkẹ́ ni. Ó ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ yẹn. Ènìyàn jẹ́ẹ́jẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ti lékeléke. Kí rìmù tó dún dáadáa, ó ti wà lójú ọ̀nà. Ọyẹ́ ń dé, ọyẹ́ ń lọ, àkùkọ ń pọ̀ lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwa ọmọdé fi kọrin: “Ilé ń jó, Bàbá ń jẹran!” Ẹ̀rín la fi ń ṣe. Àwọn àgbà ò rẹ́rìn-ín.

Bàbá tó bí mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. “Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí,” ló wí. Kò parí òwe náà. Kálukú bá a parí rẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá pa iná tán, wọn kì í béèrè ohun tó fà á mọ́. Wọ́n á kọjú sí Bàbá Àṣàkẹ́, wọ́n á ní, “Ta ló kọ́kọ́ dé? Níbo lẹ wà tẹ́lẹ̀?”

Bẹ́ẹ̀ ìdáhùn wà níwájú wọn. Gbogbo ọ̀nà ìlú ló pàdé ní oríta yẹn, igbe tó bá ti ibikíbi wá, ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ dé. Abọ́ omi ńlá tí bàbá náà fi ń wá ibi tí táyà ti ń jò kì í sì í gbẹ. Omi lọ́wọ́, rìmù lókè orí, oríta lábẹ́ ẹsẹ̀: kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n ojú tó bá ti ń wá olè kì í rí abọ́ omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, ilé ìdáná tiwa gbiná. Ìyá mi ń yan ẹ̀pà, iná ta sí imọ̀ ọ̀pẹ. Bàbá mi àtàwọn ọkùnrin yòókù ti lọ sóko. Mo sáré lọ sí oríta, mò ń ké pé ilé wa ń jó. Bàbá Àṣàkẹ́ ti dìde, garawa tó kún ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ọ̀nà dá. Ó rọra gbé garawa náà sílẹ̀.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ!”

“Ẹnì kan ní láti ṣáájú mi, ọmọ. Bí mo bá kọ́kọ́ dé ilé yín, kí ni bàbá rẹ máa wí?”

Mo mọ ohun tí bàbá mi máa wí. Mo rí ẹsẹ̀ gígùn yẹn tó ń gbọ̀n bí ti ẹṣin tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Èéfín ń ga lẹ́yìn wa. Kò sẹ́ni tó kọjá.

Àṣàkẹ́, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹgbẹ́ mi nílé ìwé, jókòó ti abọ́ omi. Ó dìde, ó gba garawa nídìí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó sì fi eré sí i. Garawa náà wúwo jù ú, omi ń dà sí i láṣọ. “Èmi ni Àkọ́dé!” ló ń ké. “Ẹ wò mí o, èmi ni mo ṣáájú!” Bàbá rẹ̀ dúró títí ọmọ náà fi yà ní kọ̀rọ̀. Ló bá gbé abọ́ táyà lódindi, ó tẹ̀ lé e bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀.

Nígbà tí Àṣàkẹ́ fi dé ilé wa, omi tó kù nínú garawa kò ju èyí tí ènìyàn fi ń bọ́jú lọ. Ó dà á sára ògiri, níbi tí iná ò tíì dé pàápàá. Bàbá rẹ̀ ló wó imọ̀ tó ń jó náà lulẹ̀. Ilé ìdáná lọ, yàrá ìyá mi bá a lọ, pẹ̀lú gbogbo aṣọ tó gbé wá sílé ọkọ. Títí tí ìyá mi fi kú ló ń sọ pé kì í ṣe iná ló jó yàrá òun, ẹni tí wọ́n dúró dè ni.

Nígbà tí bàbá mi dé, ó béèrè ohun tí wọ́n máa ń béèrè. “Ta ló kọ́kọ́ dé?”

“Èmi ni, sà,” Àṣàkẹ́ dáhùn.

“Níbo lo wà tẹ́lẹ̀?”

“Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, sà.”

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní obìnrin kì í ṣe Àkọ́dé, ṣùgbọ́n ìyá mi ti lọ mú àkùkọ. Àṣàkẹ́ kò pa á. Ó sọ ọ́ ní Ẹ̀rí. Ẹ̀rí dàgbà, ojú rẹ̀ kan fọ́, ó ń kọ nígbàkígbà tó bá wù ú, títí bàbá mi fi ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ ẹ́.

Àṣàkẹ́ yẹn ni mo fẹ́. Ní gbogbo ọdún tí a fi wà pọ̀, garawa omi kan kì í kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn wa. Nígbà tí àìsàn dé tí kò lè gbé e mọ́, ó máa ń bi mí láti orí ibùsùn pé, “Ṣé ó kún?”

Ohun kan wà tí n kò ní fi pa mọ́. Iná kan wà láyé ìgbà náà, ti abà iṣu, tí bàbá rẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ké rárá. Mo bi Àṣàkẹ́ lẹ́ẹ̀kan. “Ìwọ náà?” ló sọ. N kò tún bi í mọ́. Mo ṣì máa ń rò ó.

Lọ́jọ́ kejì tí jẹnẹrétọ̀ yẹn gbiná, Ràsákì wá kí mi. “Bàbá, ọ̀rọ̀ Alága ti dé etí wa, a sì ti fẹnu kò. Bí ìpè bá dé, àwa á dúró ní oríta. Kí ẹ̀yin onílé kọ́kọ́ débẹ̀, àwa á tẹ̀ lé yín. Ẹnikẹ́ni ò ní pe ìyá mi ní ìyá adánásunlé, ṣá.”

Mo ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan ń dùn.

Lánàá ni èéfín yọ lójú fèrèsé Ìyá Aládùúrà, obìnrin tó ń gbé ilé tó tẹ̀ lé tiwa. Ó tan àbẹ́là, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó gba ṣọ́ọ̀ṣì lọ. Fèrè dún. Nígbà tí mo yọjú, Ràsákì àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti wà ní oríta, kẹ̀kẹ́ ń kùn, wọn kò sì wá. Wọ́n ń wo ọ̀tún, wọ́n ń wo òsì. Mo ti rí ìwò yẹn rí.

Mo gbé garawa Àṣàkẹ́. Orúnkún mi kì í ṣe ti eré mọ́. Mo débẹ̀ ṣá, ìdajì omi ti dà sí mi ní ṣòkòtò, mo da ìyókù sára ilẹ̀kùn, mo sì yíjú sí oríta. Láti ọjọ́ tí a ti sin ìyàwó mi, n kò tíì gbé ohùn sókè bẹ́ẹ̀. “Èmi ni Àkọ́dé! Ẹ máa bọ̀ o!”

Wọ́n dé kí n tó mí. Kọ́tìnì àti tìmùtìmù nìkan ló jó.

Èéfín kò tíì tán tí Alága fi dé. “Ta ló kọ́kọ́ dé?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀yin kẹ̀, Tíṣà? Níbo lẹ wà tẹ́lẹ̀?”

“Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi.”

Ràsákì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, èjìká rẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín.

Rìmù ti di fèrè, igbe ti di Wọ́sáàpù, wọ́n ti gé igi àgbálùmọ̀ tipẹ́. Ìbéèrè yẹn ni kò kú. N kò sì rò pé yóò kú, nítorí a kò mọ inú ara wa, èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Kí omi ṣáà máa kọ́kọ́ dé ná, kí ìbéèrè tó dé.

Ìyá Aládùúrà kò gbọ́ nípa àkùkọ rí. Ìgò omi àdúrà kan ló gbé wá fún mi nírọ̀lẹ́, tọwọ́tẹsẹ̀ ló fi dúpẹ́. Nígbà tó lọ tán, mo pọn omi sínú garawa ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì da tirẹ̀ lé e.

Ó kún.