Katakata Olówòkéré Lórí Ilẹ̀ Ẹ̀gbà

Bí ẹ bá máa bínú sí Olówòkéré, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí n sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, kí ẹ má baà rò pé òmùgọ̀ ni. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan kì í kọjá lójú odò kí Olówòkéré má mọ ohun tó ń ṣe é. Á jókòó sínú ilé, á máa jẹ púpurú rẹ̀ lọ, á ní, "Pulọ́ọ̀gì ìyẹn ti dọ̀tí," tàbí, "Omi ti wọ epo ẹni yẹn," bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò sì rí. Láti Abereke títí dé Awoye ni wọ́n ti ń gbé ẹ́ńjìnnì wá bá a, bí ẹni gbé ọmọ tára rẹ̀ kò yá lọ bá nọ́ọ̀sì. Etí ló fi ń wò wọ́n sàn. Etí yẹn náà ló kó bá a.

Abereke ni wọ́n bí i sí. Òkun gba ilé bàbá rẹ̀, ó kọ́ òmíràn sẹ́yìn. Òkun tẹ̀lé e, ó gba ìyẹn náà. Nígbà tí òpó ilé kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta yìí kó ìyàwó rẹ̀, Ọmọ́lẹ́wà, sínú ọkọ̀, wọ́n wọ inú odò lọ síbi ilẹ̀ àwọn ìyá rẹ̀, lẹ́yìn igbó ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀ tó ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀. Happiness, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, kò bá wọn lọ. Òkìtìpupa ni wọ́n rán an lọ, sọ́dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀, kó máa kọ́ aṣọ rírán. Olówòkéré ní ọdún méjì péré ni, ọmọ á padà wálé.

Ọmọ́lẹ́wà kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. "Bàbá Happiness, mo ti bá yín sá fún òkun lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ kò gbọ́ ìkùnsínú lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yìí kò bá lè bọ́ wa kí ọmọ mi padà wá, èmi á lọ bá ọmọ mi. Mi ò ní darúgbó sínú ẹ̀gbà láìfojú kan ọmọ."

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń dáko níbẹ̀, Màmá Jọọlá, àbúrò ìyá Olówòkéré. Ìrẹsì àbàtà ni Màmá ń gbìn. Ọkọ́ kékeré kan báyìí ló ń lò, kì í sì í gbé e sókè ju orúnkún lọ. Ńṣe ló ń fi í ha ojú ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó ń kórè kò tó nǹkan lójú ẹni, àmọ́ kò sẹ́ni tó rí i rí tó ń ra ìrẹsì. Olówòkéré wò ó títí, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Màmá, iṣẹ́ adìyẹ mà lẹ̀ ń ṣe yìí."

"Adìyẹ tó bá ń tan ilẹ̀ kò ní sùn lébi," ni Màmá dá a lóhùn, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ojú ilẹ̀ yìí ló dùn, Olówòkéré. Inú rẹ̀ korò. Má jẹ́ kí ọkọ́ rẹ jìn."

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ láàárọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ọkùnrin tó ti fi ogójì ọdún bá ìgbì òkun jìjàkadì pé kó máa ha ilẹ̀?

Ọdún àkọ́kọ́, ọkọ́ fojú Olówòkéré rí màbo. Ọwọ́ tó mọ àwọ̀n fà kò mọ ilẹ̀ ro. Ẹ̀yìn ń dùn ún, àtẹ́lẹwọ́ bó, Ọmọ́lẹ́wà ń fi omi gbígbóná jó o lẹ́yìn bí abiyamọ. Nígbà tí wọ́n kórè, àpò kan àti ààbọ̀ ni. Ọmọ́lẹ́wà tò ó sí igun ilé, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ba Olówòkéré gidigidi, nítorí obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ ni.

Orí fóònù ló ti wá rí katakata kékeré, irú èyí tí kò ga ju èjìká èèyàn lọ, tó ń túlẹ̀ lọ ràì bí ẹni ń fi ọ̀bẹ gé mọ́ínmọ́ín. Háà! Láti ọjọ́ náà, Olówòkéré kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́. Ó ta ọkọ̀, ó ta àwọ̀n, ó ta ẹ́ńjìnnì.

"Ẹ ta ọkọ̀?" Ọmọ́lẹ́wà figbe ta. "Ọmọ Ìlàjẹ ló ta ọkọ̀?"

"Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Katakata yẹn ni yóò gbé Happiness wálé fún ọ."

Godspower, ọmọkùnrin awakọ̀ tó ń kó èrò lọ sí Ìgbókòdá, ló ra ẹ́ńjìnnì náà. Olówòkéré jókòó tì í ní odindi ọ̀sán kan, ó ń ka gbogbo ìwà ẹ́ńjìnnì náà fún un: bó ṣe ń ya olóríkunkun ní òwúrọ̀ òjò, bí wọ́n ṣe ń tù ú nínú. Ẹ ó rò pé ọmọ ló ń fà lé ọkọ lọ́wọ́.

Ní Òkìtìpupa, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Waliyullah ló ń ta katakata àlòkù. Mẹ́ta ló wà nílẹ̀ tí owó Olówòkéré lè ká. Ọ̀kan tóbi, ó ti gbó, táyà rẹ̀ pá bí orí àgbà. Èkejì kò ju táyà méjì lọ, ńṣe ni èèyàn máa ń dì í mú lọ́wọ́ tí yóò máa rìn tẹ̀lé e nínú ẹrẹ̀. Ẹ̀kẹta ni búlúù kékeré kan báyìí, táyà mẹ́rin, ìjókòó kan, irin ìtúlẹ̀ mímú méjì lẹ́yìn.

Ìbéèrè tí Olówòkéré bi ọmọ yẹn lọ́jọ́ náà, bí adájọ́ ni. Báwo ló ṣe wúwo tó, ṣé ọkọ̀ á gbé e? Ṣé epo rẹ̀ kì í jò? Níbo ni wọ́n ti ń rí ẹ̀yà ara rẹ̀ rà? Ó ní kí wọ́n ṣáná sí búlúù, kí wọ́n pa á, kí wọ́n tún ṣáná sí i. Ìgbà mẹ́wàá! Ó dijú, ó gbé etí lé e. Kò wúkọ́, kò hanrun. Ohùn rẹ̀ mọ́ lóló.

"Bàbá," Waliyullah ní, "irú ilẹ̀ wo lẹ ní? Ẹ̀ bá bu díẹ̀ dání wá kí n rí i."

"Ilẹ̀ ni. Irú ilẹ̀ wo ló tún kù?"

"Torí bó bá jẹ́ ti àbàtà etí òkun, ọlọ́wọ́ oní-táyà méjì yìí ni mo máa ní kẹ́ ẹ mú. Ojú ilẹ̀ nìkan ló ń bó. Búlúù yẹn máa ń wọ ilẹ̀ lọ jìn."

Olówòkéré wo ọlọ́wọ́ náà láti òkè délẹ̀. Kí òun, Olówòkéré, máa rìn tẹ̀lé ẹ̀rọ nínú ẹrẹ̀ bí ẹni ń da ewúrẹ́? Ó ní kó yọ̀ǹda búlúù. Ẹ wò ó, gbogbo ohun tó yẹ kí èèyàn bi nípa katakata ló bi. Nípa ilẹ̀ tirẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè nǹkan kan.

Bí wọ́n ṣe gbé e délé, ìyẹn nìkan tó ìtàn. Ó ní kí wọ́n so ọkọ̀ ńlá méjì pọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n tẹ́ pákó lé wọn, wọ́n wa katakata gun orí rẹ̀ ní èbúté Ìgbókòdá, òun fúnra rẹ̀ ló sì tu ọkọ̀ náà dé oko. Omi kò ta sí táyà. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́ létí odò, wọ́n ń pè é ní Káputéènì. Ọmọ́lẹ́wà rẹ́rìn-ín, ó gun katakata náà, ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Happiness. Happiness fi ohùn dá a padà: "Dádì mi! Ilé ni mo ti máa ṣe Kérésì o!" Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni Ọmọ́lẹ́wà gbọ́ ohùn yẹn kó tó sùn.

Oṣù kẹta, tí ẹ̀ẹ̀rùn ti mú ilẹ̀ le díẹ̀, Olówòkéré túlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi túlẹ̀ tí Màmá Jọọlá kò lè ro tán lọ́dún mẹ́rin. Ẹrẹ̀ dúdú bí èédú láti ìsàlẹ̀ yí sókè, ó ń dán. Ó kàn ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́ ni. Màmá Jọọlá tọ ipa táyà wá, ó bẹ̀rẹ̀, ó bu díẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó tutọ́.

"O ti gbé ìsàlẹ̀ wá sókè," ló wí.

"Màmá, òórùn lásán ni. Oòrùn á gbé e lọ."

"Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ipadò lẹ́yìn ilé bàbá mi, irú ẹrẹ̀ yìí ni wọ́n kó sí bèbè. Ọdún mẹ́wàá, koríko kò hù níbẹ̀." Ó nu ọwọ́ sí ìró, ó lọ.

Oòrùn kò gbé nǹkan kan lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹrẹ̀ dúdú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì pupa àti yẹ́lò, bí irin tó dípẹtà. Òjò rọ̀, omi dúró nínú poro, ó mọ́ kedere, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì pọ́n. Ẹja kékeré kan kò sí nínú rẹ̀. Wọ́n lọ́ ìrẹsì síbẹ̀ bákan náà. Ó dìde níwọ̀n ìka kan, gbogbo wọn yọ̀. Ó dúró. Ṣóńṣó ewé rẹ̀ pọ́n, ó gbẹ, ó tẹ̀. Olówòkéré tú omi jáde, ó tún jẹ́ kí omi wọlé, ó da eérú sí i, ó kúnlẹ̀ gbàdúrà láàárín rẹ̀. Nígbà tí oṣù keje parí, gbogbo oko náà kò ní èso tí ẹyẹ lè ṣà jẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì ààlà, ìwọ̀nba ìrẹsì Màmá Jọọlá ń fẹ́ lẹ́lẹ́.

Ó lọ bá Màmá. "Kí la máa ṣe sí i?"

"Òjò ni yóò fọ̀ ọ́," ni Màmá wí. "Òjò ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ò ní sí níbẹ̀." Kò bú u. Ì bá sàn fún Olówòkéré ká ní ó bú u.

Waliyullah ní òun á ra búlúù padà. Ìdajì lóun lè san, ìdajì yẹn kò sì lè ra ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mọ́ lóde òní.

Ọmọ́lẹ́wà kò jà. Ó fọ ìkòkò, ó kó aṣọ sínú àpò ìrẹsì méjì tí kò rí ìrẹsì kó sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan, òjò ti dá, Godspower yà sí èbúté láti gbé e.

"Bàbá Happiness, mo sọ fún yín."

"O sọ fún mi."

"Ẹ máa jẹun o."

Ó wọ ọkọ̀. Godspower fa okùn ẹ́ńjìnnì. Ó kọ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, lẹ́ẹ̀mẹẹ̀ẹ́dógún, òógùn bò ó. "Ẹ má bínú, Màmá Happiness, ó jọ pé ọ̀la la máa lọ." Ọmọ́lẹ́wà wo ilẹ̀ inú ọkọ̀. Kò sọ pé òun á sọ̀ kalẹ̀, kò sọ pé òun ò ní sọ̀.

Olówòkéré dúró létí omi. Ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe é láti ìgbà tí Godspower ti fa okùn àkọ́kọ́. Bó bá dákẹ́, ìyàwó rẹ̀ á sùn sílé lónìí. Bóyá ọ̀la òjò á tún rọ̀. Ó dákẹ́ títí tí ojú ń ti Godspower. Ó wá rí Ọmọ́lẹ́wà tó mú fóònù, tó gbé e sétí, tó tún ń gbọ́ ohùn Kérésì ọjọ́sí.

Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó wọ inú omi. Ó tú pulọ́ọ̀gì, ó fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nù ún gbẹ, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó dá a padà. Ó fa okùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn. Ọmọ́lẹ́wà gbé ọwọ́ sókè díẹ̀, ọkọ̀ sì yí imú padà. Olówòkéré dúró nínú omi tó mu ún dé itan, ó ń tẹ́tí. Ọkọ̀ ti wọ ẹ̀yìn ẹ̀gbà, kò rí i mọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbọ́ ọ.

"Ó ń fún un lépo jù," ló wí, kò sì sí ẹni tó wí i fún.