Bíríkì Bodil àti ti Asger

Kí Bodil Damgaard tó di oníbíríkì ìṣeré, awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni gbogbo ìlú Hejlby mọ̀ ọ́n sí. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tó ti ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin lọ sẹ́nu iṣẹ́ láràárọ̀, tó sì ń kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Èèyàn lè gbé ife kọfí kíkún wọ bọ́ọ̀sì Bodil, kó sì gbé e sọ̀ kalẹ̀ láìta sí aṣọ rẹ̀. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń sọ ọ́. Ará agbègbè Jutland wa níbí kì í sì í yin ara rẹ̀, àfi tí ọ̀rọ̀ náà bá ti ju ohun tí ó lè pa mọ́ra lọ.

Ọ̀rọ̀ bíríkì yìí kò ṣàdédé bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí òun àti Flemming ọkọ rẹ̀ pínyà, odindi ìgbà òtútù kan ni wọ́n fi pín ẹrù lórí tábìlì ilé ìdáná. Wọ́n pín ṣíbí, wọ́n pín aṣọ ìnura, wọ́n pín ìràwọ̀ Kérésì. Ọ̀rọ̀ ìkòkò kọfí kan ṣoṣo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn dé ọ̀dọ̀ agbẹjọ́rò. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, tí àwọn ọmọ wọn sì ti lọ sí ilé tiwọn, Bodil gun àjà lọ wo ohun tó ṣẹ́ kù. Ó bá àpò bíríkì ìṣeré kan tí kò sẹ́ni tó rántí láti dù. Ó kó o sọ̀ kalẹ̀, ó fọ̀ ọ́, ó ní òun kàn fẹ́ wò ó bóyá ó pé kí òun tó fi tọrẹ ni. Nígbà tí oòrùn máa fi wọ̀, ó ti fi kọ́ bọ́ọ̀sì kan tó ní ìjókòó méjìlá, ìdí Bodil sì ti kú tipiri níbi tó jókòó sí nílẹ̀. Kò fi tọrẹ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ló ti wọ ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà oníbíríkì, tí wọ́n máa ń pàdé ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ àtijọ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ inú oṣù. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ eré ni. Àwọn èèyàn wọ̀nyí ní òfin. Ẹ kò gbọdọ̀ fi gọ́ọ̀mù lẹ bíríkì, ẹ kò gbọdọ̀ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ kò gbọdọ̀ kùn ún lọ́dà. Ẹni tó bá lo gọ́ọ̀mù níbẹ̀, wọ́n á ṣì máa bu kọfí fún un, ṣùgbọ́n kò ní gbóná.

Ibẹ̀ ló ti pàdé Asger Holk. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta ni Asger, ó ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ ìfúnwàrà, ìyàwó rẹ̀ sì ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bodil, ó wo àwọn ike tí Bodil kó bíríkì sí: pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀, dúdú lọ́tọ̀, àwọ̀ eérú lọ́tọ̀. Ó mi orí.

“Ta ló ṣe irú èyí sí ẹ?”

“Èmi ni mo ṣe é. Ṣé kò dáa ni?”

“Ó dáa láti wò. Jọ̀ọ́, wá bíríkì dúdú oníkókó méjì kan fún mi nínú ike dúdú yẹn. Màá lọ sílé lọ sùn ná, màá padà wá gbà á tó bá di ọ̀la.”

Ti Asger, ìrísí ló fi yà á: èyí tó ní kókó méjì lórí nínú ike kan, èyí tó ní mẹ́jọ nínú òmíràn, táyà níbí, fèrèsé lọ́hùn-ún, gbogbo àwọ̀ wà pọ̀ wúruwùru. Bodil wò ó, ó ní ó jọ ohun tí adìẹ tú. Ìjà tí wọ́n jà lọ́jọ́ náà ni wọ́n ń jà títí di òní, nídìí oúnjẹ ni wọ́n sì ti ń jà á. Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, Bodil á lọ jẹun nílé Asger. Lọ́jọ́ Sátidé, Asger á wá jẹun nílé Bodil. Ó ti pé ọdún méjì báyìí. Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí, tọkọtaya kan wá wo ilé Asger, wọ́n sì fẹ́ rà á. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ èsì kí aago mẹ́rin ọ̀sán Sátidé tó lù, torí pé àwọn ti rí ilé mìíràn lẹ́yìn tirẹ̀. Ní Wẹ́sìdeè, bí wọ́n ti ń jẹ ẹran lílọ̀ dídín àti ànàmọ́, Asger da ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

“Bodil, tí mo bá ta ilé yìí, ibo ni kí n kó lọ?”

Bodil mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé kọ́ nìyẹn. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

“Ọ̀dọ̀ mi náà ni,” ló wí. “Ṣùgbọ́n bíríkì ẹ ò gbọdọ̀ dà pọ̀ mọ́ tèmi. Yàrá tiẹ̀ lọ́tọ̀, ike tiẹ̀ lọ́tọ̀. Màá kọ orúkọ sí i lára.”

“Bíi ti ilé ìwòsàn.”

“Bíi ti ilé ìwòsàn.”

Asger gbé fọ́ọ̀kì rẹ̀ kalẹ̀. Láàárín àwọn oníbíríkì, ìgbéyàwó kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí á da bíríkì pọ̀. Ìgbéyàwó ṣeé tú. Bíríkì ẹni méjì tó bá ti dà pọ̀, kò sí adájọ́ tó lè yà á.

“Ẹni tó bá ti ń kọ orúkọ sára ike,” ni Asger wí, “ọjọ́ tó máa kó ẹrù jáde ló ń rò. Mi ò lè ta ilé mi kí n wá di àlejò. Tí o ò bá fẹ́ ká dà á pọ̀, sọ fún mi kí aago mẹ́rin Sátidé tó lù, kí n lè sọ fún tọkọtaya yẹn pé mi ò tà mọ́.”

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ó sì tún bu ànàmọ́ sí abọ́ rẹ̀. Bodil ro ọ̀rọ̀ náà dé ilé ní Wẹ́sìdeè. Ó ṣì ń rò ó ní Ọjọ́bọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó gbé bọ́ọ̀sì kọjá ibùdókọ̀ kan láìdúró. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Ìdíje ni ìpàdé ẹgbẹ́ ti Sátidé yẹn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ kọ́ ilé ìmọ́lẹ̀ etíkun tó ga tó igi àjà ni yóò gbégbá orókè. Bodil gbé Asger nílé, wọ́n sì kó ike mọ́kàndínlógójì sẹ́yìn mọ́tò Bodil, ike tirẹ̀ lápá ọ̀tún, ike Asger lápá òsì. Nígbà tí wọ́n máa gbéra, Bodil ń ṣí ìdérí gbogbo ike náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́ kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dé ni òun á ti máa kọ́.

“Bodil,” ni Asger wí. “Ìdérí.”

“Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, Asger. Kọfí ò dànù rí.”

“Kọfí kọ́ nìyí.”

“Jókòó, de bẹ́líìtì ẹ.”

Wọ́n ti rí òrùlé gbọ̀ngàn náà lọ́ọ̀ọ́kán nígbà tí ehoro kan sáré já sójú títì, tó wá dúró sí àárín rẹ̀, tó ń wo mọ́tò bí ẹni tó fẹ́ béèrè ọ̀nà. Bodil tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ehoro náà lọ ní tirẹ̀. Àwọn ike ẹ̀yìn mọ́tò kò lọ síbì kankan, wọ́n kàn dojú dé ni, gbogbo wọn, ọ̀tún lu òsì, ariwo rẹ̀ sì pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn ìyẹn, táyà kékeré kan yí bọ́ láti abẹ́ àga, ó wá sinmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ Bodil.

Asger bojú wẹ̀yìn, ó sì tún jókòó dáadáa. Tó bá tiẹ̀ bú Bodil, ara ìbá tu Bodil díẹ̀.

Aṣọ ìbora ni wọ́n fi kó bíríkì náà wọ gbọ̀ngàn, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n sì lọ, tí wọ́n bọ̀. Wọ́n dà á sórí tábìlì mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀, ó sì ga bí òkìtì yanrìn ẹni tó fẹ́ kọ́lé. Vagn, olórí ẹgbẹ́, tó ti ṣe tíṣà rí nínú gbọ̀ngàn yìí gan-an, yí tábìlì náà po lẹ́ẹ̀kan.

“Ó dáa,” ló wí. “Ta ló kú?”

“Ehoro ni,” ni Asger dáhùn. “Kò sì kú.”

Rigmor, ìyá arúgbó ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin tó jẹ́ pé òdòdó nìkan ló máa ń fi bíríkì kọ́, ti ń gbé ife kalẹ̀. “Omi ló dànù, agbè ò fọ́,” ló wí. “Ẹ jókòó. Kọfí ti hó, mo sì yan búrẹ́dì dídùn kringle.”

Vagn ṣa bíríkì pupa kan, ó yí i lọ́wọ́. “Ti ta ni èyí?”

Bodil wò ó. Asger wò ó. Kò sẹ́ni tó mọ̀. Aago ara ògiri ti kọjá méjì, gbogbo àwọn tó jókòó yí tábìlì náà ká sì mọ̀ nípa aago mẹ́rin. Ìlú kékeré ni Hejlby.

“Kò le,” ni Vagn wí, ohùn tíṣà ti wọ inú ọ̀rọ̀ rẹ̀. “Òṣùwọ̀n wà ní ilé ìdáná. Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n, ká pín in sí méjì ọgbọọgba, kí kálukú máa gbé tiẹ̀ lọ.”

Bí Bodil ti gbọ́ “pín in,” ó gbé ife rẹ̀ kalẹ̀. Ó tún rí tábìlì ilé ìdáná rẹ̀, ó rí ṣíbí mẹ́fà mẹ́fà, ó rí Flemming tó ń ka aṣọ ìnura lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fẹ́ dìde lọ síta.

“Má wọ̀n ọ́n,” ni Asger wí.

“Kí ló dé?” ni Vagn bi í.

“Bodil ni kó kó gbogbo ẹ̀. Èmi máa tún bẹ̀rẹ̀ tèmi láti ìbẹ̀rẹ̀.”

Vagn gbé bíríkì pupa náà kalẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni Asger fi ṣa bíríkì rẹ̀ jọ, kò sì sẹ́ni tí kò mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ. Bodil wò ó títí. Ó ń wá ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, torí ohun tí ìpínyà pẹ̀lú Flemming kọ́ ọ nìyẹn: ẹni tó bá fún ẹ ní ṣíbí, ìkòkò ló ń wò.

“Kí lo wá fẹ́ gbà dípò ẹ̀?” ló bi í.

Asger ronú sí i dáadáa. “Dá ike mi padà. Wọ́n dáa láti kó ẹyin sí.”

Rigmor ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Bodil kò rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sí i lójú, ó sì jẹ́ kó wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ yìí wá, ó ti rò pé ìdàpọ̀ ni òun ń bẹ̀rù. Irọ́ ni. Pínpín ló ń bà á lẹ́rù, ọkùnrin tó jókòó níwájú rẹ̀ yìí kò sì mọ pínpín rárá; bóyá wọn kò kọ́ ọ nílé iṣẹ́ wàrà.

“Asger,” ló wí, “kí ni kí n fi bíríkì ẹni méjì ṣe nínú ilé ẹnì kan?”

Asger gbé ife rẹ̀ sókè, ó tún gbé e kalẹ̀ láìmu. “Mi ò mọ̀. Ìwọ sọ.”

“Kò wúlò nílé ẹnì kan. Ilé ẹni méjì ló ti máa wúlò.”

Vagn nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní, “Kò burú.” Lẹ́nu Vagn, odindi ìwàásù ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn. Rigmor ti ń tú báàgì rẹ̀. Ó yọ àsíá bébà pupa àti funfun mẹ́ta jáde, irú èyí tí a máa ń tò sórí tábìlì lọ́jọ́ ìbí, ó sì gún wọn sórí òkìtì bíríkì náà.

“Ṣé ìrísí la máa fi yà á ni, àbí àwọ̀?” ni ẹnì kan béèrè láti ìkángun tábìlì, gbogbo ojú sì yí sí Bodil.

Bodil mí kanlẹ̀. “Ìrísí,” ló wí. “Ṣùgbọ́n funfun ò gbọdọ̀ bá dúdú sùn nínú ike kan.”

“Ike á pọ̀ o,” ni Asger wí.

“Kó pọ̀. Ìwọ lo ní ká dà á pọ̀, ìwọ lo máa gbé e gòkè.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà. Èèyàn mẹ́rìnlá ni, pẹ̀lú kringle lẹ́nu, wọ́n ń jiyàn lórí ohun tí àwọ̀ eérú jẹ́ àti ohun tí kò jẹ́. Kò sẹ́ni tó rántí ilé ìmọ́lẹ̀ mọ́. Nígbà tó ku díẹ̀ kí aago mẹ́rin lù, Asger dìde, ó jáde lọ tẹ tọkọtaya náà láago. Láti ojú fèrèsé, wọ́n ń rí i lábẹ́ igi, ó ń mi orí bẹ́ẹ̀ ni sí fóònù bí ẹni pé àwọn tó ń bá sọ̀rọ̀ ń rí i.

Ó padà wọlé, etí rẹ̀ pupa.

“Wọ́n ní kí n ṣáà ti kó jáde kí oṣù kẹjọ tó parí.”

Bodil kò gbé ojú kúrò lára táyà tó ń ṣà. Ó fi ẹsẹ̀ ti àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ síta fún un.

“Oṣù kẹjọ jìnnà,” ló wí. “Máa kó bọ̀ lọ́la.”