Agogo Màmá Wà Nínú Ẹ̀rọ Orin

Ní Igbó-Elérin, kò sẹ́ni tó tilẹ̀kùn mọ́ Bámikẹ́ o, síbẹ̀ kò rọ́nà jáde. Ìyá ọkọ rẹ̀, Màmá, ló fà á. Ojú Màmá ti fọ́ láti ọdún mẹ́ta, Àjàgbé ọkọ Bámikẹ́ sì ń wa tírélà lọ sí Òkè Ọya, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ló ń wálé. Òun ló ra ẹ̀rọ orin kékeré kan fún Màmá, ó ní kí Yésúfù, tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ní Okokomaiko, kó orin ìjọ aláṣọ funfun kún inú rẹ̀. Láago mẹ́jọ àárọ̀ ni Bámikẹ́ máa ń tẹ̀ ẹ́, táá fi okùn rẹ̀ sí Màmá létí. Á máa kọ títí dìrọ̀lẹ́, bí orin ṣe tẹ̀ léra lánàá náà ni tòní.

Àṣé Màmá ti sọ ọ́ di agogo! Bámikẹ́ á ra ata dé, á gbọ́:

"Ìyàwó, orin méje lo lò. Márùn-ún ni lánàá. Ta lo dúró tì?"

"Màmá, èrò ló pọ̀ nídìí ata."

"Àbí ọ̀rọ̀ ló pọ̀ lẹ́nu ẹ?"

Màmá á rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n á ka orin.

Nígbà tí Ọmọ́wùmí ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fáwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Iba, ní kó wá bá òun ṣiṣẹ́, wákàtí méjì péré láràárọ̀, Bámikẹ́ ò lè sùn fún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti tọrọ àyè rí láti lọ kọ́ iṣẹ́ búrẹ́dì, Màmá sunkún ọjọ́ mẹ́ta. Kò tún ní bèèrè. Ó ní òun fẹ́ lọ gba iná sí ẹ̀rọ, ó di ọ̀dọ̀ Yésúfù.

"Bá mi fi orin ìsọjí kan sáàárín, ẹyọ kan tó gùn tó wákàtí méjì. Orin kan ṣoṣo ni Màmá máa kà á sí."

"Áà, Àǹtí, wákàtí lẹ fẹ́ jí yìí!"

Ó so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ kí orin inú ẹ̀rọ méjèèjì bára mu. Wọ́n bára mu lóòótọ́: bí kọ̀ǹpútà ṣe fi orúkọ to orin tirẹ̀ ní A, B, D, bẹ́ẹ̀ ló to ti Màmá. Orin àṣálẹ́, tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, ló wá bọ́ síwájú. Yésúfù ò wò ó, ìkánjú ò sì jẹ́ kí Bámikẹ́ fi setí.

Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ ẹ́, ó sá gba Iba lọ. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ló dé. Màmá ti wọ sùtánà àdúrà alẹ́, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, omijé bò ó lójú.

"Ìyàwó! Odindi ọjọ́! Mo rò pé oorun ló gbé mi lọ, mo ní mọ́tò ti gbá ọ! Gbogbo orin àṣálẹ́ ti kọ tán, o ò dé!"

"Màmá, àárọ̀ ni o. Ọ̀sán pàápàá ò tíì tó."

Màmá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn irin. Oòrùn ti mú un gbóná. Ó yọ okùn létí díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀rọ yìí purọ́ fún mi."

Bámikẹ́ fà á dìde, ó gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Yésúfù to orin náà padà, ṣùgbọ́n Màmá ò gbà á sétí mọ́. Ó ní ohun tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan á tún purọ́. Ọmọ́wùmí dúró de Bámikẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, ó wá ẹlòmíràn. Bámikẹ́ kì í lọ ra ata mọ́ báyìí, ọmọ onílé ló ń rán. Kó tó fọ abọ́ méjì, Màmá á ti pè:

"Ìyàwó, aago mélòó lù?"

"Mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rin, Màmá."