Àjàní, Ẹṣin Tó Ń Fa Omi Wa

Nígbà tí mo ṣì wà lọ́mọdé, tí koríko ṣì pọ̀ ju ilé lọ ní Fẹ́sítáàkì, bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì búra pé ilé òun kò ní ra oúnjẹ lọ́jà mọ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Ó gba ilẹ̀ kan ní Ìjẹ̀gùn-Ẹ̀gbá, a gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ó sì ra ẹṣin kan lọ́wọ́ àwọn tó ń fi ẹṣin gbé ọmọ kiri létí òkun. Ẹṣin náà ló ń fa ọmọlanke wa: omi láàárọ̀, ẹ̀gẹ́ nírọ̀lẹ́.

Màmá mi ló sọ ọ́ ní Àjàní. Bó bá ti ń da èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ síwájú rẹ̀, á máa kì í, “Àjàní ọkọ mi, jẹun o, má dá wọn lóhùn.” Ẹṣin náà á sì gbé orí lé e léjìká. Bàbá mi kò fẹ́ràn irú ìkẹ́ bẹ́ẹ̀ rárá. Òfin kan ló wà nílé wa: ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹun. Ó ní Bíbélì ló sọ bẹ́ẹ̀.

Lásìkò òjò kan, Àjàní ki ẹsẹ̀ bọ kòtò lọ́nà Alákijà, ẹsẹ̀ náà sì wú. Bàbá mi fi kòbókò lé e délé, ó so ó mọ́ ìdí igi máńgòrò, ó ní kò gbọdọ̀ fẹnu kan koríko títí yóò fi padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹran tí kò lẹ́nu àtirojọ́! Màmá mi kúnlẹ̀: “Ẹ dákun, olówó orí mi, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún, kì í ṣe ọ̀lẹ.” Bàbá mi wọlé lọ. Nígbà tó ká màmá mi mọ́ ibi tó ti ń gbé èérí ọkà fún un, ó fi ẹsẹ̀ da igbá náà nù.

Kò pẹ́, Àjàní kò lè dìde mọ́. Bàbá mi pe alápatà. Ìkà ò tíì tán o: ó ní kí màmá mi se ẹran náà, nítorí a kì í fi nǹkan ṣòfò. Màmá mi sè é. Bàbá mi jẹ ẹ́ kan eegun, ó ní iyọ̀ kò tó. Màmá mi bu iyọ̀ sí i.

Ayé ti yí padà. Omi inú ọ̀rá là ń rà ní Fẹ́sítáàkì báyìí, ọmọ tó wà lókè òkun á sì fi fóònù ra oúnjẹ ránṣẹ́ sí àgbàlagbà tí kò ṣe iṣẹ́ kankan láti àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Bàbá mi darúgbó, ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ, kò lè dìde lórí ibùsùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé oúnjẹ lọ fún un, màmá mi sì gba àwo náà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Olówó orí mi, iṣẹ́ wo lẹ ṣe lónìí?”

Bàbá mi bú sẹ́kún. Màmá mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó jẹ oúnjẹ náà tán lójú rẹ̀, ó ní iyọ̀ kò tó.