Ọwọ́ Tí Kò Mọ Iná

Àtàǹpàkò mi ló kọ̀ tí kò wọ ihò àlùmọ́gàjí mọ́. Télọ̀ ni mí l'Ọ̀tà. Abẹ́rẹ́ ti gún mi lọ́wọ́ ọ̀tún ṣáájú, mi ò kà á sí. Kí Jímọ̀ tó dé, àtẹ́lẹwọ́ ti wú, ó ń ro mí dé ìgúnpá.

Ìyá mi, tó ń yan gàrí, ló mú mi wọ rélùwéè ní Ìjókò lọ sí ọsibítù l'Ékòó. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi kọjá àtàrí. Dókítà ní ọyún ti wọlé jinlẹ̀. Tí òun ò bá là á lọ́jọ́ náà, ọwọ́ náà lè di gígé. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Kí ni télọ̀ fẹ́ fi ọwọ́ òsì nìkan rán?

Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ lókè èjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn. Iṣan ìmọ̀lára, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìrora láti ọwọ́ lọ sí ọpọlọ, ni oògùn náà ń kùn lóorun. Ojú mi là kedere bí wọ́n ṣe ń là á, mi ò mọ ọ̀bẹ lára. Wọ́n ní oorun ọwọ́ náà á pẹ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí n lè sinmi.

Wọn ò sọ fún ìyá mi, èmi náà ò sì rántí sọ fún un. Ó fọwọ́ kan apá mi, mi ò mọ̀. Ló bá tọrọ omi gbígbóná, ó ki aṣọ bọ̀ ọ́, ó ń fi tẹ̀ mí lápá bí a ṣe ń ṣe nílé.

"Sùlé, ṣé ó gbóná?"

"Mi ò mọ nǹkan kan, Ìyá."

Ó ti ọwọ́ ara rẹ̀ bọ omi náà wò. "Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni," ló wí, ó tún lọ tọrọ òmíràn. Ọwọ́ tó ti ń yan gàrí láti ìgbà ọmọge, òun náà ò mọ iná mọ́.

Nọ́ọ̀sì ló ké: "Ẹ dúró, Ìyá! Ẹ ó bó ọmọ yín lára! Ọwọ́ yẹn ń sùn ni, kò kú."

Awọ apá mi ti lé ròrò. Ìyá mi jókòó sílẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ bíi kí èèrà máa rìn ní ìka mi. Lẹ́yìn náà ni ìrora dé, ti ọ̀bẹ àti ti omi pọ̀. Mo figbe ta. Ìyá mi fò dìde: "Àlùhámúdùlíláhì! Ó ń dùn ún!" Inú bí mi, síbẹ̀ mo rẹ́rìn-ín.

Ọwọ́ náà jinná, àtàǹpàkò nìkan ló le díẹ̀. Bí wọ́n bá fún ènìyàn yín ní irú abẹ́rẹ́ yìí, ẹ má fi ohun gbígbóná kàn án títí ìmọ̀lára yóò fi padà. Bí òjò bá ṣú, ọwọ́ náà ṣì ń dùn mí, mo sì ń dúpẹ́ pé ó ń dùn mí.

Àpá ọ̀bẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ti omi gbígbóná wà níbẹ̀ gbọnrangandan. Ìyá mi ti lọ sọ́run. Nídìí àlùwàlá, apá ọ̀tún là á kọ́kọ́ fọ̀. Bí ọwọ́ mi bá kan àpá náà, mo máa ń ṣàdúà fún ìyá mi kí n tó bọ́ sí òsì.