Ewé Tútù Lójú Ọ̀nà Àbàtà

Ìwé tí mo kà ní yunifásítì ló kó bá mi nínú igbó. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mo kọ́, wọ́n sì gbà mí síṣẹ́ láti máa mú àlejò rìn láti Ọ̀fà wọ inú igbó tó wà lọ́nà Ìjàgbo. A ó wo igi, a ó wo ẹyẹ etí àbàtà, a ó sì parí ìrìn níbi tí omi ti ń já látorí àpáta. Alhaji Jímọ̀ ni ọ̀gá mi. Wọn ò kàwé rárá.

Alhaji ní òfin kan. Bí a bá dé oríta tí ọ̀nà kan ti yà sínú àbàtà, wọ́n á já ẹ̀ka tútù, wọ́n á fi dábùú ọ̀nà àbàtà, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn má baà ṣìnà. Àràárọ̀ ni wọ́n ń já tuntun, torí ewé tó ti gbẹ kò yàtọ̀ sí pàǹtí ilẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ ayé àtijọ́ nìyẹn. Mo bá kan pátákó mọ́ igi níbẹ̀, mo kọ ọ́ sí i pé: "Ẹ má gba ibí."

Alhaji wò ó títí. "Alákọ̀wé, ẹni tó ń wá igi ìdáná kì í kàwé o."

Mo rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí sílẹ̀ kí n máa ṣe é bó ṣe wù mí.

Ní Sátidé kan, ìgbà òjò, mo kó àwọn tíṣà kan lọ. Mo gba oríta kọjá láìbojú wo pátákó. Nígbà tí a dé ìdí àpáta, mo rí i pé ẹnì kan kò sí láàárín wa, obìnrin kan tó ń dúró ya fọ́tò òdòdó. A sáré padà. Ìṣó méjì péré ló kù lára igi. Àwọn aṣẹ́gi ti ya pátákó lọ.

"Ẹ gbà mí o! Ilẹ̀ ń gbé mi mì!" Láti inú àbàtà ni ohùn náà ti ń wá.

Alhaji, tí wọ́n ti ń bọ̀ wá pàdé wa lójú ọ̀nà, gbọ́ igbe. Kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n ti wọnú ẹrẹ̀.

"Tíṣà, ẹ má jà! Ẹ sùn lé e bí ẹní!"

Wọ́n fà á yọ láàyè. Ṣùgbọ́n kùkùté kan lábẹ́ ẹrẹ̀ gún Alhaji lẹ́sẹ̀. Àtọ̀gbẹ wà lára wọn, a kò mọ̀. Egbò náà kọ̀, kò jinná. Ní ọsibítù, àwọn dókítà gé ẹsẹ̀ náà nísàlẹ̀ orúnkún.

Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè pátákó. Láti ọjọ́ náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, kò sí àárọ̀ tí n kò já ewé.

Lọ́sẹ̀ tí mo fẹ̀yìn tì, mo lọ kí Alhaji nílé. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Alhaji, ẹ dárí jì mí."

"Kùkùté ló gún mi. Ṣé ìwọ ni kùkùté ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n di ojú. "Mú mi lọ."

"Síbo, Alhaji?"

"Inú igbó. Fi ẹnu mú mi lọ. O ṣáà kàwé."

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu igbó. Mo mú wọn kọjá ìdí ìrókò, mo mú wọn gun afárá onípákó.

"Rọra, ibẹ̀ ń yọ̀," ni wọ́n wí.

Nígbà tí mo ní a ti ń gbọ́ ìró omi, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Dúró níbẹ̀."

"Ó ku díẹ̀ ká débẹ̀, Alhaji."

"Mo mọ̀. Tá a bá débẹ̀, ilé ló kàn."

A jọ dúró síbẹ̀.