Ta Ló Gba Ẹrù Lórí Irin?

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ǹjẹ́ o ti ru ẹrù wúwo dé ibi tí ò ń lọ rí, kí o wá máa wá ẹni tí yóò sọ̀ ọ́? Bí o bá ti ṣe é rí, o ti mọ ìdajì ẹ̀kọ́ tó le jù nínú kẹ́mísírì tí mo fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ní Akpakpa, ní Kútọnù.

Ọmọ Kétu ni mí. Èdè Faransé ni mo fi kọ́ iṣẹ́ náà, òun náà ni mo sì fi ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n bí ojú àwọn ọmọ bá ti ṣú, Nàgó, Yorùbá tiwa, ni mo máa ń yà sí.

Ẹ̀kọ́ tí mo ń wí ni ọksidasíọ̀n àti redíksíọ̀n. Àwọn ẹ̀yà tíntìntín kan wà nínú ohun gbogbo, ẹlẹ́kítíróònù ni à ń pè wọ́n. Bí nǹkan méjì bá pàdé, ọ̀kan lè yọ̀ǹda ẹlẹ́kítíróònù rẹ̀ fún èkejì. Èyí tó yọ̀ǹda ló ṣe ọksidasíọ̀n. Èyí tó gbà á ló ṣe redíksíọ̀n. Wọn kì í ya ara wọn.

Ibẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi, ti ń kọsẹ̀. Yóò kọ ọ́ pé irin pàdánù ẹlẹ́kítíróònù, yóò sì fi bíírò sílẹ̀. Ta ló gbà á? Kò ní kọ ọ́. Ó ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò lẹ́yìn ìdánwò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ tó ń ta ìṣó àti páànù, yọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì mi. Ó ń gbé ìṣó lọ fún káfíńtà. Bàsíà rẹ̀ kún dẹ́nu.

“Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ni mo wá mú. Ṣọ́ọ̀bù ni yóò máa jókòó sí láti òní lọ.”

Bí wọ́n ti tọ́ mi, n kò lè dá ẹni tó ru ẹrù dúró kí n máa bá a jiyàn.

“Màmá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ̀ yín.”

Ó tẹ̀ ba, mo na ọwọ́, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó bọ́ sọ́wọ́ mi. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti là sí mi. Mo yíjú sí ọmọ rẹ̀.

“Àbẹ̀kẹ́, kí ni màmá rẹ ṣe?”

“Wọ́n sọ ẹrù, Mesié.”

“Bí n kò bá gbà á ńkọ́?”

“Ẹrù á ṣì wà lórí wọn.”

“Tàbí kí ìṣó mi fọ́n ká!” ni ìyá rẹ̀ wí. “Ṣé ohun tí ẹ ń kọ́ wọn nìyí? Èmi rò pé nǹkan òyìnbó ni!”

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Mo mú ìṣó kan nínú bàsíà, mo nu epo tí ìyá náà fi pa á lára nítorí atẹ́gùn òkun, mo fi pépà oníyanrìn họ ọ́, mo sì rì í sínú omi kan tó láwọ̀ bí aró. Bàbà ti yòrò sínú omi náà. A dúró. Ìṣó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n.

“Yéè! Ẹ ti jẹ́ kí ìṣó mi dípẹtà!”

Kí n tó lanu, Àbẹ̀kẹ́ ti dìde.

“Rárá, Màmá. Bàbà nìyẹn. Inú omi ló wà tẹ́lẹ̀, ojú wa ni kò tó o. Irin sọ ẹrù ẹlẹ́kítíróònù rẹ̀, bàbà gbà á, ló fi lẹ̀ mọ́ ìṣó. Irin tó sọ ẹrù ló yòrò sínú omi.”

Ìyá rẹ̀ wò ó lọ, ó wò ó bọ̀. Ọlọ́jà ni, kì í gba ọjà láì yẹ̀ ẹ́ wò.

“Àwọn tó ń dípẹtà ní ṣọ́ọ̀bù mi ńkọ́? Ta ló ń gba ẹrù tiwọn?”

N kò tíì kọ́ wọn ní ìyẹn. Àbẹ̀kẹ́ wo ojú fèrèsé, níbi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ wọlé.

“Ọ́síjìn inú atẹ́gùn ni, Màmá, pẹ̀lú omi. Epo tí ẹ ń fi pa wọ́n ni kì í jẹ́ kó ráyè dé ara irin.”

“Abájọ! Atẹ́gùn Kútọnù yìí mà ti gba ẹrù lọ́wọ́ mi o!” Ó rẹ́rìn-ín, ó tún òṣùká rẹ̀ ká. “Tíṣà, ẹ rù mí. Káfíńtà ń retí mi.”

“Ọmọ ńkọ́, Màmá?”

“Ọmọ wo? Ṣé ẹ ti rí ìyá tó ń wọ kíláàsì wá fa ọmọ jáde rí ni?”

Mo rù ú, òun nìkan ló lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọmọ tó gba ọwọ́ mi kọjá tí kò ru bàsíà yíká kíláàsì kí ẹlòmíràn tó sọ̀ ọ́. Mo ti fẹ̀yìn tì. Àbẹ̀kẹ́ ló ń kọ́ kẹ́mísírì ní kíláàsì náà báyìí.